Ọjọ́ Tí Ìyá Rábì Fi Ènìyàn Ṣe Èèkàn

Ìyá tó bí ìyá mi ti fi fọ́nrán òwú kan ṣoṣo dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró rí. Ọkọ̀ náà kún fún iṣu Ogbòòrò dé òkè, bíréèkì rẹ̀ ti já, ó ń bọ̀ láti orí òkè pẹ̀lú eré burúkú, gbogbo èrò ọjà sì ti ń ké "Láìláà!" Ìyá àgbà na òwú rẹ̀ sójú ọ̀nà, ó ní kí n di ìdí rẹ̀ mú. Ọkọ̀ dé ibẹ̀, ó dúró gbọnyin bí ewúrẹ́ tó rí okùn. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Iṣu méjì tó tóbi jù nínú ọkọ̀ náà sọ̀kalẹ̀, àwọn náà dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn iṣu náà léèrè. Ó kàn ṣe wá láàánú pé a ti jẹ wọ́n.

Orúkọ mi ni Làmídì, ọmọ Rábíátù tí ìlú ń pè ní Rábì. Púrámárì mẹ́rin ni ìwé mi mọ, nítorí ní ọdún yẹn ni mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé gómìnà ti kéde ìsinmi, wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n sì lọ sílé. Tíṣà dé, ó bá àga. Èmi ni wọ́n lé. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí, irùngbọ̀n mi ti funfun, síbẹ̀ títí di ìgbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo ṣì ní ìyá àgbà tó ń bú mi ní gbangba. Ohun tí mo fi ń yangàn láàrin ẹgbẹ́ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣe bàbá àgbà, èmi ṣì ń jẹ́ ọmọ-ọmọ.

Ẹ má sọ pé mo rí i fín nítorí pé mo ń pè é ní "ó". Òun ló kọ "wọ́n". Ojúkojú, ẹ gbọ́dọ̀ sọ pé "ẹ" fún un, kí orí yín má baà gba ọ̀pá. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kúrò níwájú rẹ̀, "ó" ni. Ó ti lọ báyìí, àmọ́ ẹnu mi ti mọ́ ọn. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ má sọ mí di púpọ̀. Àwọn òkú ló pọ̀."

Àwọn tó ń wá kí wa kú ará-fẹ́-ra-kù ń sọ pé ìyá dáadáa ni. Mo ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ láàrin èmi àti ẹ̀yin, ìyá tó le ni. Ó tún burú díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni òwú títa. Kí ahunṣọ tó jókòó ti òfì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na òwú náà sílẹ̀ gbọọrọ kó tó gígùn aṣọ. Ìyá Rábì á kan èèkàn mọ́lẹ̀ káàkiri Ìta Òwú, pápá gbalasa tó wà láàrin ìlú wa, téèyàn bá ti Ìsẹ́yìn ń lọ sí Òkèhò. Á so òwú mọ́ èèkàn àkọ́kọ́, á wá máa rìn láti èèkàn dé èèkàn, á lọ, á bọ̀, títí òwú á fi pọ̀ tó aṣọ. Èèwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ ìlú wa mu mọ́ ọmú: a kì í fẹsẹ̀ ré òwú títa kọjá. Bí iná bá ń jó ilé rẹ ní òdìkejì, yí i po. Mo ti rí Lèmọ́mù tó yí i po nígbà tí wọ́n ti ń pe ìrun. Mo ti rí akọ màlúù kan tó dúró, tó wo òwú náà lókè nílẹ̀, tó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Màlúù yẹn ṣì wà láyé o.

Nígbà kan, ẹsẹ̀ ìyá àgbà wú, mo sì ní kó sinmi. Ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ le bí òkúta. Kò tilẹ̀ wò mí, oríkì mi ló kàn fi pè mí. Ó ní, "Àkànní, òwú ò mọ̀ pé ó rẹ̀ mí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣe ìmọ́tótó ìlú. Ògiri dìsípẹ́ńsárì àtijọ́ wà létí Ìta Òwú. Káńsù fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i lára: MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Ẹ mọ ìwà wa pẹ̀lú ìkìlọ̀ ara ògiri. Ẹni tí ìtọ̀ kò tilẹ̀ gbọ̀n tẹ́lẹ̀, tó bá ti kà á, á rántí. Káńsù tún un kọ, wọ́n fi àwòrán àáké sí i. Ibẹ̀ wá di ọjà ìtọ̀.

Ìyá Rábì kò kọ nǹkan kan. Kíkí ló ń kí wọn.

Ní ọjọ́ tí mo wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì gbé agbádá sí èjìká, ó kọjú sí ògiri. Ìyá àgbà dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá.

"Ẹ kú ọjọ́ o!"

Ọkùnrin náà gbọ̀n. "Ẹ... ẹ kú ọjọ́, Ìyá."

"Ohùn ta ni mo ń gbọ́ yìí? Ṣé kì í ṣe ọmọ Súlè nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Máṣàálà. Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Ìyá."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ún?"

"Ó ti... ó ti fúyẹ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi kẹ̀yìn sí mi? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé Súlè nìyẹn? Yíjú síbí, kí o kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́."

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó ń tọ̀ kò lè dọ̀bálẹ̀. Ẹni tí Ìyá Rábì ń kí kò sì lè dúró ṣánṣán. Ọkùnrin yẹn gbìyànjú méjèèjì pọ̀. N kò ní sọ bó ṣe rí lára agbádá náà, nítorí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílùú. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ọ́n ní Ìta Òwú, ó di oko Ìlúà kó tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà.

Wolé-wolé káńsù bi ìyá àgbà pé irú oògùn wo ló ń lò. Ó ní, "Ẹ̀ ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Ojú kì í ti ògiri."

Ó lè jà o. Òun àti Ìyá Sàbítíù, tó ń ta òwú bíi tirẹ̀, jà lórí ẹni tó máa lo apá ibi tó tẹ́jú jù nínú Ìta Òwú. Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ kí irùngbọ̀n mi tó hù, ó funfun kí ó tó parí. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, èkejì á gba apá òsì. Ìyá àgbà kò fi ẹsẹ̀ kan agboolé yẹn mọ́. Nígbà tí Ìyá Sàbítíù kú, wọ́n ní kó wá kí wọn, kò lọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tiwa látàárọ̀, kò jẹun. Mo gbé àkàsà lọ bá a, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Ta ni mo wá fẹ́ máa bá jà báyìí?"

Ẹ fi ilé yẹn sọ́kàn. Ibẹ̀ ni Ràṣídì ti wá, ọmọ-ọmọ Ìyá Sàbítíù.

Ràṣídì ni olórí àwọn ọmọ ọlọ́kadà wa. Ó ń gbé èrò lọ sí Òkèhò ní òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá sí Ìta Òwú, wọ́n á yọ sàléńsà lẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n á máa fi táyà kan ṣoṣo sáré. Èéfín igbó, orin tó ń mi pálí lókè àjà, ariwo. Ọmọ ilé kéwú kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kì í gba ibẹ̀ kọjá láìgba ọ̀rọ̀ rírùn. Ẹ má rò pé ìyá àgbà fẹ́ràn wọn. Ó kórìíra wọn délẹ̀délẹ̀. Ó ti da omi eérú sí wọn lórí. Àwọn náà sọ ọ́ ní Ìyá Sójà.

Ní ọjọ́ tí wọ́n fi eruku kun òwú funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká jọ, ó wẹ̀, ó lo ìborùn rẹ̀ tó dára, ó ní kí n gbé òun lọ sí káńsù. Èmi ni mo gbé e. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Kánsẹ́lọ̀, ẹ bá mi kó wọn kúrò níbẹ̀."

"Ìyá, ohun tí àwa náà ń rò nìyẹn. Ẹ̀yin àgbà la ń dúró dè kí ẹ sọ ọ́."

"Mo ti sọ ọ́ wàyí."

Kò pẹ́, ọkọ̀ kan tó gbé gbohùngbohùn lórí bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìlú ká: láti ìgbà tí wọ́n bá ti pe ìrun Alaasárì títí di òwúrọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró, kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ ṣeré, kò gbọdọ̀ péjọ ní Ìta Òwú. Wọ́n ri pátákó ńlá mọ́lẹ̀. Wọ́n kó àwọn tásíkì-fóòsì wá, àwọn géńdé tó wọṣọ dúdú, pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Kòmándà ni wọ́n ń pè é.

Inú wa dùn. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Alángbá pàápàá ń tètè wọlé.

Lẹ́yìn náà ni ti Kàmọ́rù ṣẹlẹ̀. Ahunṣọ ni Kàmọ́rù. Kò ní ọ̀kadà, kò mu sìgá rí. Ó gbàgbé òwú rẹ̀ kan sí Ìta Òwú, ó sáré padà lọ kó o, ìrun ti pè. Àwọn tásíkì-fóòsì kò bi í ní nǹkan kan, wọ́n fi kòbókò bò ó. Nígbà tí wọ́n gbé e délé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú bí iṣu, ìka méjì kò ṣeé ká. Ọwọ́ tó fi ń hunṣọ ni. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti òfì tó dá dúró, ó ń wò ó bí ẹni ń wo òkú.

Ìyá àgbà lọ wò ó. Ó gbé ọwọ́ náà lé orí itan ara rẹ̀, ó ń fi epo ra á. A ń padà lọ sílé. Ó ní, "Òjò ni mo bẹ̀ wọ́n, Àkànní. Àgbàrá ni wọ́n rán sí mi."

Ẹ wá wo ohun tí òfin ṣe fún wa. Òfin ní lẹ́yìn Alaasárì. Ràṣídì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kúkú fi eré sílẹ̀, wọ́n kàn gbé e síwájú Alaasárì, sínú oòrùn gangan. Ìgbà tí òwú wà nílẹ̀ nìyẹn.

Òwú tó wà lórí èèkàn lọ́jọ́ náà jẹ́ ti ìyàwó, ti Sìdíkátù ọmọ Alfa Jímọ̀. Ìgbéyàwó ti dé tán, ahunṣọ ti tẹ́ òfì sílẹ̀ dè é. Mo jókòó lábẹ́ igi, mo ń gé obì jẹ. Mo gbọ́ ariwo ọ̀kadà, mo rí eruku, mo sì rí ìyá àgbà tó gbé ọ̀pá sókè. Ọ̀kadà wọ inú òwú lọ. Táyà ká a. Ó fa èèkàn tu, ó ṣẹ́ wọn bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ẹni tó wà lórí rẹ̀ ṣubú, aṣọ tó fi bo ojú já bọ́. Òun àti ìyá àgbà wo ara wọn. Ó já òwú kúrò lára táyà, ó gbé ọ̀kadà rẹ̀, ó sá lọ.

Ìyá àgbà rí i. Èmi náà rí i. Àwa méjèèjì nìkan.

Kí a tó ṣa òwú náà tán, kánsẹ́lọ̀ ti dé.

"Ìyá, ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀. Orúkọ kan péré."

"Tí mo bá dárúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Kòmándà á lọ gbé e. Lẹ́yìn náà, a ó mọ ògiri yí ibí po, a ó ti í pa. Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀. Kò sí ọlọ́kadà tó máa wọ ibí mọ́."

"Níbo làwa ó ti máa ta òwú?"

"Ẹ ó wá ibòmíràn, Ìyá. Ìlú ń lajú."

"Tí mi ò bá wá dárúkọ?"

Kánsẹ́lọ̀ tú itọ́. "A ó kó gbogbo wọn. Gbogbo ọmọ tó ń gun ọ̀kadà nínú ìlú. Tí ẹgba bá dùn wọ́n, wọ́n á júwe ara wọn."

Mo wo ojú ìyá àgbà. Mo mọ̀ pé ọwọ́ Kàmọ́rù ló ń rí. Ó ní, "Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Lẹ́yìn Àsùbá ọjọ́ kejì, ó ní kí n tẹ̀lé òun. Ó wọ agboolé Ìyá Sàbítíù. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò gbàgbọ́. Ìyá Ràṣídì rí i, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí ẹnikẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Ìyá àgbà pè sínú ilé pé, "Ràṣídì, jáde. Kì í ṣe káńsù. Èmi ni."

Ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Igbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti bó. "Ìyá, wàláì, mi ò rí òwú yẹn."

"O rí i. O rò pé wàá tètè kọjá ni."

Ràṣídì ní, "Ṣé ẹ ti dárúkọ mi?"

"Mi ò tíì dárúkọ rẹ."

"Wọ́n á ṣe ọwọ́ mi bíi ti Kàmọ́rù."

"Wọ́n lè ṣe é."

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe."

"O ṣẹ́ èèkàn mi. Èèkàn ni mo fẹ́. Lọ kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń sáré wá. Ẹ̀yin lẹ ó dúró bí èèkàn lónìí, títí òwú ìyàwó á fi tán."

Mo dá sí i. "Ìyá, igi pọ̀ nínú igbó. Ẹ jẹ́ kí n lọ gé òmíràn wá."

Ó yíjú sí mi. "Ṣé igi ló ba òwú mi jẹ́?"

Wọ́n wá, gbogbo wọn, pẹ̀lú ojú tó pọ́n. Ó tò wọ́n sí Ìta Òwú, ó jókòó wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kí olúkúlùkù gbé igbọ̀nwọ́ lé ilẹ̀, kó na ọwọ́ sókè, kó di ìkúùkù. Ọrùn ọwọ́ wọn ló ń yí òwú mọ́. Ràṣídì ló fi ṣe èèkàn àkọ́kọ́, létí ọ̀nà, níbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn èrò ń kọjá, wọ́n ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wásíù, ìwọ rèé! Èèkàn tí kò wẹ̀!"

"Ẹ so ewúrẹ́ mi mọ́ ọn fún mi o!"

Òógùn ń bọ́ lójú wọn. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín, kò bú wọn. Ó ń rìn.

Ìrun Alaasárì pè. Òwú kò tíì tán.

Yẹ̀yẹ́ parí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í fa ilẹ̀kùn. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Pápá náà ṣófo, ó ku èèkàn ẹlẹ́ran-ara àti arúgbó kan.

Wásíù ní, "Ìyá, wọ́n ti pe Alaasárì o."

"Mo gbọ́."

"Ìyá, wọ́n á bá wa níbí."

"Wọ́n á bá wa."

"Ẹ jẹ́ ká ká a, ká padà wá lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá."

"Tí o bá yọ ọwọ́ rẹ, òwú tó wà lọ́wọ́ àwọn yòókù á bàjẹ́. O mọ bí wọ́n ṣe ń sá. Èmi ò kọ́ ọ. Ohun tí mo ń kọ́ ọ nìyí."

Wásíù wo Ràṣídì. Ràṣídì mi orí, pé rárá. Kò sí ẹni tó dìde. Mo ti rí ogun nínú sinimá, mo ti rí àgbọ̀nrín tó ń lé ajá, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó bà mí lẹ́rù tó bí àwọn ọmọkùnrin yẹn tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tí a ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tásíkì-fóòsì tó ń bọ̀.

Wọ́n dé. Wọ́n bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Kòmándà rìn wá, ó fi kòbókò na sòkòtò ara rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ wà níbí?"

Ó kọjú sí ìyá àgbà.

"Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé?"

"Ìyá, òfin wà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo lọ bẹ káńsù pé kí wọ́n ṣe é."

"Ta wá ni àwọn wọ̀nyí?"

"Èèkàn mi ni."

"Èèkàn?"

"Àwọn tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti ṣẹ́."

Kòmándà sún mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyá, mi ò bá yín ṣeré. Èwo nínú wọn ló ba òwú yín jẹ́?"

Ìyá àgbà kò dẹsẹ̀ dúró. Ó dáhùn bó ṣe ń kọjá lọ. "Gbogbo wọn ló ń tún un ṣe."

Kòmándà gbé kòbókò sókè. Ní àkókò yẹn gan-an ni ìyá àgbà padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó wò ó lókè dé ilẹ̀ bí ẹni ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ó mà ku èèkàn kan." Ó fa ọwọ́ kan náà tó fi gbé kòbókò sílẹ̀, ó yí òwú mọ́ ọn ní ọrùn ọwọ́, ó sì kọjá lọ. Kòbókò bọ́. Kòmándà fẹ́ fa ọwọ́ yọ, ni Alfa Jímọ̀ bá yọrí láti ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ rọra o, ọ̀gá! Òwú ìgbéyàwó ọmọ mi ni! Tí ẹ bá já a, ẹ̀yin lẹ ó fẹ́ ẹ o!" Kòmándà dúró. Ó jókòó. Ó gbé igbọ̀nwọ́ lé ilẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kan, ó bọ́ sí èkejì, ó gba gbogbo ìlú. Àwọn tásíkì-fóòsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó. Jẹnẹrétọ̀ alọta rẹ́rìn-ín, ó kú. Kòmándà jẹ́ èèkàn títí di Mọ̀gáríbì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alfa Jímọ̀ kó àwọn àgbààgbà lọ bá kánsẹ́lọ̀. Wọ́n mú ìyàwó Kàmọ́rù dání, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fẹnu kò. Wọ́n gbé ìtì igi dí ẹnu ọ̀nà méjèèjì tó wọ Ìta Òwú, tí ọ̀kadà ò fi lè gba ibẹ̀ mọ́. Ràṣídì àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ru igi náà. Kò sí òfin Alaasárì mọ́. Búlọ́ọ̀kù ògiri, ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn dìsípẹ́ńsárì. Òwú dé ọwọ́ ahunṣọ, Sìdíkátù sì wọ aṣọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó dárúkọ Ràṣídì. Kánsẹ́lọ̀ bi ìyá àgbà nígbà kan pé ta gan-an ni. Ó ní, "Mo ti darúgbó, kánsẹ́lọ̀. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀."

Ó dára kí n parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀rín yẹ òkú àgbà. Ṣùgbọ́n àwọn kan tó máa ka èyí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì mọ̀.

Kòmándà kò di òwú mú. Ìyá àgbà kò fọwọ́ kàn án. Alfa Jímọ̀ kò tíì yọrí. Nígbà tí ìyá àgbà sọ pé gbogbo wọn ló ń tún un ṣe, kòbókò tí Kòmándà gbé sókè sọ̀kalẹ̀ sí ẹ̀yìn Ràṣídì, nítorí òun ló wà nítòsí. Ràṣídì ké. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Kòmándà tún nà án. Ìyá àgbà kò bẹ̀bẹ̀, kò pariwo, ó ń bá òwú rẹ̀ lọ dé ìpẹ̀kun, ó sì padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ràṣídì, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí òwú mọ́ ọn lọ́wọ́, ara rẹ̀ wà láàrin kòbókò àti ẹ̀yìn ọmọ náà. Kòmándà ní láti dúró dè é kó kọjá. Ó kọjá. Kòbókò dún. Ó lọ, ó tún bọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ Ràṣídì, bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ sí i, yíyí òwú ń pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ló sì ń pẹ́ kó tó na ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn ń jáde, wọ́n ń dúró, wọ́n ń wo Kòmándà tó gbé kòbókò sókè tó ń dúró de arúgbó. Nígbà tí wọ́n pe Mọ̀gáríbì, ìyá àgbà ṣì wà ní bíbẹ̀rẹ̀ níwájú Ràṣídì. Kòmándà wo èrò yíká, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi kún un.